Bàbá Onípépà àti Ewì Ìgbín

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi. A ti sin Bàbá, bàbá tó bí bàbá mi, a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn tó wá kí wa ti padà sílé wọn, onílé sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba yàrá òun. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, máa lọ gbé lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní Onípanu, nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń sùn sí. Àyè kò sí níbẹ̀ fún ìwé. Èmi ni wọ́n wá ní kí n tú àwọn páálí Bàbá, kí n yọ ohun tí mo bá fẹ́, torí pé ìyókù ti di ti Ìyá Ràfíù, obìnrin tó ń dín àkàrà ní ìkóríta. Bàbá Kékeré ti fún un. Ó ń bọ̀ wá kó o ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo sún mọ́ Bàbá jù. Tí wọ́n bá ti sọ ìyẹn fúnni, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Làmídì lorúkọ Bàbá, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Bàrígà, Bàbá Onípépà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ adìwé ní àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kí wọ́n tó bí mi. Bí wọ́n bá tẹ pépà tán, òun á ká a, á fi òwú rán an, á lẹ èèpo mọ́ ọn, á wá gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Gbogbo onírúurú ìwé ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àmọ́ irú kan ṣoṣo ló ń kó wálé. Ìwé ewì àwọn ọmọdé ni. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí tíṣà máa ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí kì í sì í padà wá kó tán. Ẹ̀dà kan ni Bàbá ń tọrọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí mọ́kàndínlógún ló fi kó wọn jọ.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò fi kó ìwé gidi jọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àṣàkẹ́, àgbà lè fi ìwé ńlá parọ́ fún àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló máa fi ìlà mẹ́fà parọ́ fún ọmọdé?"

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ torí ó ti kú. Bàbá le bí ojú ẹja. Kó o tó fọwọ́ kan ìwé rẹ̀, o máa fọ ọwọ́, o máa nù ún, o máa tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ kó rí i. Tó o bá pọ́n ìka lá láti ṣí ojú ìwé, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí dọ̀la. Tíṣà kan nínú ilé wa yá ìwé kan, ó sì gbé ife tíì gbígbóná lé e lórí. Oṣù méjì ni Bàbá fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí wọ́n má baà pàdé. Nígbà tí tíṣà náà wá dọ̀bálẹ̀, Bàbá ní kó dìde, ó ní, "Èmi ti dárí jì ọ́. Ìwé ló kù tí wàá bẹ̀."

Màmá kò fẹ́ràn àwọn ìwé náà rárá, mi ò sì dá a lẹ́bi. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn kọjú síra, èèyàn mẹ́fà ló sì ń sùn níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé. Tí òjò bá rọ̀ tí omi ọ̀sà ru wọlé, ìwé ni Bàbá ń kọ́kọ́ gbé sókè, kó tó rántí pé àwa náà lẹ́sẹ̀. Màmá ń ta ọṣẹ, kò ríbi kó ọjà rẹ̀ sí. Àtàárọ̀ ni òun àti Bàbá ti máa bẹ̀rẹ̀, orúkọ bàbá mi ló máa fi pè é.

"Bàbá Múnírù, níbo lẹ fẹ́ kí n gbé orí mi lé?"

"Àbẹ̀kẹ́, ṣèbí ìwé kì í tọrọ oúnjẹ."

"Abájọ tó fi yó jù mí lọ."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí awò á fi yọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Màmá kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń bínú lóòótọ́, ó sì rẹ̀ ẹ́, torí àsìkò sáàpù ni nígbà náà, tí ìjọba sójà ní kí gbogbo wa máa ṣún nǹkan lò. Kí la ní tá a fẹ́ ṣún lò? Búrẹ́dì ti di nǹkan ọdún. Ìlà la ń tò ra ìrẹsì, sójà á dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò.

Àwọn sójà ti mú Bàbá rí nítorí ewì. Wọ́n wá sí Ṣómólú, wọ́n ń wá àwọn tó ń tẹ pépà tó ń bú ìjọba. Wọ́n tú báàgì Bàbá, wọ́n bá ìwé pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, ewì ewúrẹ́ kan tó ń jẹ iṣu oníṣu. Ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ̀ ń pè ní ewúrẹ́?" Bàbá ní ewúrẹ́ ni. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn títí yóò fi rántí orúkọ ẹni náà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ó wọlé, orúnkún rẹ̀ ti bó, Màmá ń fi omi gbígbóná jó o. Bàbá ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ewì yẹn, mi ò mọ̀ pé ewúrẹ́ náà lágbára tó bẹ́ẹ̀."

Ọmọ tó bá wọ pálọ̀ wa, ì báà jẹ́ iyọ̀ ni wọ́n rán an wá tọrọ, kò ní jáde láìka ewì kan tó há sórí. Bàbá á dijú, á máa mi orí. Òun fúnra rẹ̀ kì í há wọn sórí. Ó ní, "Orí àgbà máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ọmọdé ló ń sọ ọ́ bó ṣe wà." Nítorí náà, inú ìwé ni tirẹ̀ wà, àti lẹ́nu wa.

Ewì ìgbín ni tèmi. Ìlà mẹ́fà ni. Mò ń bọ̀ wá kọ wọ́n síbí tó bá yá. Inú ìwé tó fẹ́ràn jù ni mo ti kọ́ ọ. Tíṣà obìnrin kan ló kọ ìwé ọ̀hún, ó kú kó tó wá gba ẹrù rẹ̀, omi sì wọ yàrá tí wọ́n kó ìyókù sí ní ilé ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ jẹrà. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá nìkan ló kù láyé. Àràárọ̀ ni mò ń ka ìgbín fún un kí n tó lọ sílé ìwé. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá á pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń dáná pé, "Ìgbín yìí ò tíì délé ni?"

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pépà ní àdúgbò wa. Pépà tí wọ́n bá tẹ̀ bàjẹ́ ní Ṣómólú, wéésì ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dì í lókùn lọ sílé, ìyàwó wọn á gbé e fún ẹni tó ń ta ẹ̀pà tàbí àkàrà, kó fi máa dì í fún oníbàárà. Lásìkò sáàpù tí pépà wọ́n, wéésì di nǹkan ńlá. Bàbá náà ń dì í wálé. Ìdì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, okùn kan náà ló sì fi ń di ìwé tó bá fẹ́ tún rán. Àmì kan ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀: tó bá jẹ́ wéésì, kókó okùn á wà níwájú, tó bá jẹ́ ìwé, kókó á wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Òwú ìwé tíṣà obìnrin náà ti ń já, Bàbá sì ti tú u palẹ̀ kó lè tún un rán. Ewé mẹ́rìnlélógún tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dì wọ́n lókùn. Omi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá gbé gbogbo nǹkan sórí tábìlì, ó lọ síbi iṣẹ́. Màmá pe orúkọ mi, ó ní, "Sìdí, gbé wéésì orí tábìlì yẹn lọ fún Ìyá Ràfíù, kí n ráyè." Ìdì méjì ló wà níbẹ̀. Mi ò wo kókó okùn. Kí ni mò ń wò? Àkàrà ni mò ń wò. Ìyá Ràfíù máa ń fún ọmọ tó bá gbé wéésì wá ní àkàrà, márùn-ún ló sì fún mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bá gọ́tà ni mo jókòó sí tí mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí mo délé, mo rí ìdì tó kù lórí tábìlì. Kókó rẹ̀ wà níwájú.

Mo sáré padà. Ìyá Ràfíù ti já okùn, ó ti da àwọn ewé náà pọ̀ mọ́ pépà míì nínú agbọ̀n, àwọn èèyàn yí i ká, epo ń hó. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mi ò la ẹnu. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí, mo wá yíjú padà sílé. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí láti ọdún náà wá, mi ò mọ ohun tó dí mi lẹ́nu ju ìbẹ̀rù lọ.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo tábìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó pè mí.

"Àṣàkẹ́, èwo lo gbé?"

"Wéésì ni, Bàbá."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó dáa."

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkàrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọgbẹ́ inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ata àti ohun tí wọ́n dín lépo. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ láràárọ̀, á tún padà débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Á jẹ díẹ̀ lójú Ìyá Ràfíù, á kó ìyókù fún àwa ọmọ. Inú á wá máa run ún, á ká sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá fẹ́ ya wèrè. "Ẹni tí dókítà ní kó má jẹ epo! Nígbà tí àwọn èèyàn ò rí gààrí mu!" Bàbá á ní, "Ẹnu mi ló ń fẹ́ ẹ, Àbẹ̀kẹ́." Ó tún ní kí àwọn ọmọ àdúgbò máa kó pépà tí wọ́n bá fi di nǹkan fún wọn wá fún òun. Wọ́n rí i ní ààtàn ẹ̀yìn ilé ìwé, tó ń fi igi tú pàǹtírí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Bàbá Onípépà ti ń ṣiwèrè. Ojú tì mí, mo ní kì í ṣe bàbá àgbà mi. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí. Èmi náà ò bi ara mi, torí pé tí mo bá bi ara mi, mo máa dáhùn.

Lẹ́yìn náà ló fún mi ní báírò àti pépà funfun kan. "Ti ìgbín yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

"Mo ti gbàgbé, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àmọ́ mo rò pé ó fẹ́ fi mú mi ni, pé tí mo bá kọ ọ́, á ní kí n lọ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé, ìwé kò sì sí. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Tó o bá rántí." Láti ọjọ́ náà, mi ò ka ewì kankan mọ́ nínú ilé yẹn. Ó tún béèrè lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé gíga. Mo ní mi ò rántí. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ní ọsibítù, lọ́sẹ̀ tó kú. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, mo ní láti fi etí mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́. "Ìgbín yẹn ńkọ́?" Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí báyìí, mo ti dàgbà tó láti sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ sinmi."

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Ràfíù wá jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá yín fẹ́ràn àkàrà mi nígbà kan. Wọ́n á ní kí n fi pépà méjì mẹ́ta dì í, pé epo ń jò sáwọn lọ́wọ́. Wọ́n á máa nàka sí pépà tí wọ́n fẹ́. Mo ní Bàbá yìí ń ṣe fáàrí." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá ì bá sọ fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó da agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, kó ṣà wọ́n tán. Ṣùgbọ́n gbogbo Bàrígà ló mọ ẹnu Ìyá Ràfíù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò á ti gbọ́ pé Sìdí jí ìwé bàbá àgbà rẹ̀ fi jẹ àkàrà. Bàbá ò fẹ́ kí orúkọ mi dé ẹnu rẹ̀. Ó yàn láti máa jẹ epo.

Èyí ni mò ń rò bí mo ṣe ń tú páálí lónìí. Nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá ìwé tíṣà obìnrin náà. Bàbá ti rán an, ó ti fi páálí tuntun ṣe èèpo fún un. Àwọn ewé inú rẹ̀ ti mu epo, o lè rí ìka rẹ lódì kejì. Òmíràn ya sí méjì, ó fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ṣì ń ta òórùn àlùbọ́sà. Mo kà wọ́n. Mẹ́tàlélógún ni. Níbi tó yẹ kí ewì ìgbín wà, pépà funfun kan ló rán síbẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsùlù kọ sókè: Ti Àṣàkẹ́ ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo mú báírò, mo kọ ọ́.

Ìgbín, ìgbín, níbo lò ń lọ?
Mò ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi.
Ìgbín, ìgbín, kí lo gbé pọ̀n?
Ilé mi ni mo gbé pọ̀n.

Ó kù ìlà méjì. Mo dúró. Mo tún un kà látòkè. Kò wá. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń sọ pé mo ti gbàgbé, mo sì ti gbàgbé lóòótọ́. Mo bú sẹ́kún.

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká ibùsùn rẹ̀ kúrò, ó ń di ìró rẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Kí ló tún dé?"

"Màmá, èmi ni mo gbé ìwé Bàbá fún Ìyá Ràfíù nígbà yẹn. Mo parọ́ pé wéésì ni."

"Mo mọ̀. Ta ló rán ọ?" Ó fa okùn le. "Bàbá Múnírù ní ká má fọwọ́ kàn ọ́. Ó ní tá a bá nà ọ́, o ò ní ka ewì mọ́."

Ó wo ìwé tó wà lórí ẹsẹ̀ mi.

"Kí ló kù níbẹ̀?"

"Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn. Ti ìgbín."

Ó pòṣé. Ó ní, "Ìgbín tó fẹ́ẹ̀ pa mí nínú ilé yìí." Ó wá sọ ọ́, ní ohùn tó fi ń dá oníbàárà lóhùn iye tí ọṣẹ jẹ́:

Bí mo bá débẹ̀ tí kò sáyè,
Mo gbé àyè mi dání.

"Ṣé bó ṣe wà gan-an nìyẹn, Màmá?"

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Orí àgbà ni. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Màmá gba ìwé náà, ó gbé e sábẹ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tú ẹrù tó ti dì tẹ́lẹ̀, ó tì í sáàárín ìró méjì, ó tún un dì. Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn Ìyá Ràfíù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe orúkọ mi, ó ní òun ti dé, òun ti gbé àpò wá.

Mo wo páálí mọ́kàndínlógún tó wà nílẹ̀. Mo wo Màmá. Ó ti padà sídìí okùn rẹ̀.

"Lọ sọ fún un," ó ní, "pé kò sí wéésì nílé yìí."